Ẹ Yọ Fóònù Yẹn Kúrò Nínú Agolo

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìrora ẹsẹ̀. Mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ o, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, torí ìyá ẹlòmíràn náà ń ṣe bíi tiyín.

Oṣù mélòó ni mo fi ṣe ofataìmù nílé-iṣẹ́ oníke ní Ìkẹjà, tí òjò ń pa mí lọ, tó ń pa mí bọ̀, kí n tó ra fóònù yẹn fún yín? Èkó yìí, èèyàn pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àjàní. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá pè yín, kì í lọ. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Sìdí wá kí wa ló tú àṣírí yín: ẹ wé e sínú gèlè, ẹ dé e mọ́ agolo mílíìkì, torí wọ́n sọ fún yín níbi ìsọmọlórúkọ pé ìtànṣán rẹ̀ ń jẹ ọpọlọ. Háà, Ìyá mi!

Mo bi ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe ní Dópẹ̀mú. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní fóònù tó bá wà nínú agolo, ńṣe ló máa ń fi kún agbára rẹ̀ kí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbọ́ ọ. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i! Ó ní bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ má sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí ẹ̀, ẹ má sì fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́ kẹta tí ẹ ṣubú lẹ́yìnkùlé ni mo tó gbọ́, lẹ́nu awakọ̀ kan tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́, ní Abúlé Ẹ̀gbá. Èmi ọmọ yín, lẹ́nu awakọ̀! Mo fi ìbínú délé, mo na ọwọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo tú fóònù tèmi nínú táwẹ́ẹ̀lì kí n fi pè yín.

Ìpè yín ló wà níbẹ̀, mẹ́jọ, lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú gan-an. Ẹ ti yọ tiyín nínú agolo. Èmi ni n kì í gbé tèmi sápò láàárín ọ̀sẹ̀, torí àwọn ará ibi iṣẹ́ ní fóònù inú àpò kì í jẹ́ kí ọkùnrin bímọ, ìyàwó mi ò sì tíì lóyún.

Ẹ dárí jì mí. Ó ti wà lápò ṣòkòtò mi báyìí. Ọmọ tí Ọlọ́run bá fún wa, a ó gbà á. Kí Ó fún yín lẹ́sẹ̀ líle, kí Ó sì dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ẹ tún pè mí. Màá gbé e.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní