Ṣòkòtò Tí Mo Gbé Wọ Ọ́fíìsì Rẹ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ìyàwó rẹ kú ìtọ́jú ilé. Bí o ṣe jí lónìí ni wàá máa jí, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lójú ọ̀nà, ẹni tí ń wá ìṣubú rẹ yóò wá a tì. Èmi náà wà, ara le, àfi orúnkún tó ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti sọ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé mi dé láti ọ̀dọ̀ yín. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ti ń jò. Ewúrẹ́ àbúrò rẹ obìnrin bí ìbejì, ọ̀kan kú. Télọ̀ iwájú ilé wa ní kí n kí ọ, ó bi mí pé báwo ni ilé ọmọ, mo ní o tọ́jú mi bí ẹyin. Irọ́ ni mo pa fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, tí n kò pe ọmọ rẹ̀ kó wá bá mi kọ ọ́ bó ṣe máa ń ṣe.

O mọ̀ pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, mo rí ọ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì àti kóòtù, inú mi dùn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n lè sìn ọ́ dé ojú títì. O kò jáde. Yàrá kékeré lo wọ̀, o jókòó ti kọ̀ǹpútà, ìgbà tí o dìde lọ mu omi ni mo rí i pé láti ìbàdí lọ sílẹ̀, ṣòkòtò péńpé tí o fi ń gbá bọ́ọ̀lù kí o tó gbéyàwó ló wà ní ìdí rẹ, ó sì ti ya lẹ́yìn. Àyà mi já. Mo ní bóyá ilé iṣẹ́ yín ló ń rán aṣọ fún yín, tí owó wọn wá tán ní ìbàdí. Àbí wọ́n ti gé owó oṣù rẹ sí ìdajì, o sì ń tijú láti sọ fún mi? Mo yọjú wo inú ẹ̀rọ náà, mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, kálukú nínú fèrèsé tirẹ̀, kò sí ẹni tó ní ẹsẹ̀ nínú wọn. Mo ṣàdúrà fún wọn. Mo bi ìyàwó rẹ pé ṣé a ò ní gbé omi fún àwọn àlejò yẹn ni, láti àárọ̀ tí wọ́n ti jókòó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, ilé wọn ni wọ́n wà. Mo bi í ní ti ṣòkòtò, ó ní ta ló máa rí ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí èmi rí ọ.

Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí à ń pè ní aṣọ ilé o. Èmi náà ní síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti di asẹ́, mo sì ní ìró ìyá rẹ tí mo máa ń ró mọ́dìí láti ìgbà tó ti ṣaláìsí. N kì í wọ̀ wọ́n jáde. Ilé ọmọ mi ni mo pè ní ilé mi, ni mo ṣe wọ̀ wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, o sì mọ ẹni tí mo ń rán aṣọ ilé ìwé fún nígbà tí tèmi ń ya.

Ọjọ́ burúkú ọ̀hún, mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ nínú ẹ̀rọ pé kí gbogbo yín múra, ọ̀gá àgbà ń wọlé bọ̀. Orí mi gbóná. Níbi tí a ti tọ́ ọ, ọ̀gá kì í wọlé kí ọmọ iṣẹ́ jókòó, tí o bá sì dìde kí i, ìdí rẹ wà níta nìyẹn, iṣẹ́ bọ́. Mo sáré mú ṣòkòtò tuntun tí télọ̀ rán fún mi torí ìrìn àjò yẹn, mo já wọ inú yàrá, mo tẹ́ ẹ sí ọ lẹ́sẹ̀, mo ní kí o tètè wọ̀ ọ́ kí ọ̀gá tó dé. Ni àwọn inú ẹ̀rọ bá bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan béèrè pé ta nìyẹn. O wò mí, o wo síńgílẹ́ẹ̀tì, o wo ìró tí wọ́n fi pọ̀n ọ́ dàgbà, o ní kí wọ́n má dá mi lóhùn, ọkùnrin tó ń bá yín gé koríko ni, orí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pé. Èdè tí ìyá rẹ fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún lo fi sọ ọ́. Mo wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíràn ló wọlé tọ̀ wá.

O kò bẹ̀ mí. Nírọ̀lẹ́ lo ní ojú ọjọ́ ibẹ̀ ò bá mi lára mu, o ti sanwó ọkọ̀ mi. O sìn mí dé gáréèjì nínú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, torí èrò wà níbẹ̀. A máa ń sọ pé ọmọ laṣọ. Ó dáa, tèmi bọ́ sílẹ̀ lójú àlejò, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ní kí o rántí bàbá rẹ, kí o fi owó páànù ránṣẹ́. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bi ìyàwó rẹ léèrè iye tí wọ́n ń san fún agékoríko ládùúgbò yín, kí o fi ìyẹn ránṣẹ́, n kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ fún bàbá rẹ lówó, kọ́kọ́ jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, kí o sọ fún obìnrin tó béèrè ẹni tí mo jẹ́ pé o ní bàbá.

Èmi ò ní ṣépè fún ọmọ mi. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọ rere, ọmọ tí yóò dá ọ mọ̀ lójú èrò lọ́jọ́ tí o bá wọ àkísà.

Èmi ni bàbá rẹ nínú ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wa.