Ohun Tí Wọ́n Rí Nínú Ọpọlọ Ìyá Tí Mo Ń Tọ́jú

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú èéfín ibi tí ẹ ti ń yan gààrí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó níbí. Mo kí Bùọ̀dá Sùlè ní Èrúwà, mo kí ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Igbó-Ọrà.

Òtútù ibí kò ṣe é sọ. Ọ̀sán ṣì ni ilẹ̀ ti ń ṣú, bí mo bá sì dé yàrá mi, kò sí ẹni tí yóò bi mí bóyá mo ti jẹun. Ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ni kò jẹ́ kí n pè yín láti ìjọ́un. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ẹ rántí ìyá arúgbó tí mo ní mò ń tọ́jú. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un. Ó ń ta síwá ta sẹ́yìn bí ọ̀mùtí. Nígbà tó yá, ṣíbí kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń bọ́ ọ, èmi ni mò ń nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Dókítà ní ó jọ àìsàn píríọ̀n: èròjà kan tó wà nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn ló bàjẹ́, tó ń ba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, tí wọ́n wá ń ṣùjọ síbẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀. Ìyá náà kú.

Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún yín ni Bùọ̀dá Sùlè, tí wọ́n wá kí yín nílé, gba fóònù lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí n tó kó o. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń wo ọwọ́ mi bóyá ó ń gbọ̀n. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi ni mò ń ṣọ́.

Helen, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, gbà kí wọ́n yẹ ọpọlọ náà wò. Oyún inú rẹ̀ ti tóbi. Nígbà tí èsì dé, ó bẹ̀ mí kí n bá òun lọ, ó ní èmi ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá òun ju òun lọ.

Dókítà fi àwòrán ọpọlọ kékeré tó wà lókè ìpàkọ́ hàn wá, èyí tí kì í jẹ́ ká ṣubú bí a bá ń rìn. Wọ́n ti fi nǹkan kùn ún, tó fi jẹ́ pé ibi tí èròjà burúkú náà bá wà ló ń ní àwọ̀ ilẹ̀. Ó ní nínú irú tó wọ́pọ̀ jù, tó kàn ń ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń fọ́n ká bí ìyẹ̀fun. Ìyá mi, ohun tí a rí kì í ṣe ìyẹ̀fun. Kókó ni, bí èyí tó máa ń kù sórí ajọ̀ tí ẹ bá jọ gààrí, ńlá láàárín, kéékèèké yí i ká. Dókítà ní bí wọ́n bá ṣù báyìí, inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló sábà máa ń ti wá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyá náà sì ti fi hàn bẹ́ẹ̀.

Mo béèrè bóyá ẹni tó bọ́ ọ, tó nù ún lẹ́nu, lè kó o. Ó ní rárá, kì í ràn bẹ́ẹ̀.

Mo mí kanlẹ̀. Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí Helen, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ tó dá èmi sílẹ̀ ló mú òun. Dókítà ní ó lè wà lára rẹ̀, ó lè má sí. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ, kò sì sí ẹni tó máa fipá mú un ṣe é.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó bi mí pé bó bá jẹ́ èmi ni, ṣé mo máa fẹ́ mọ̀. Lánàá ó pè mí pé òun ò ní í ṣe é báyìí, ó di ìgbà tí òun bá bímọ. Ó fẹ́ kí n wà lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ ìbímọ náà. Mo ti gbà. Òun náà ló gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ òun sí yín.

Ẹ bá mi sọ fún Bùọ̀dá Sùlè pé ara mi le, kí wọ́n má bẹ̀rù mi bí mo bá délé. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n tìtorí ẹlòmíràn ni báyìí. Bí ẹ bá kírun tán, ẹ fi Helen sí àdúà yín, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràmọ́tà