Ìtàn Lọ́rì Tí Mo Sọ Fún Ọmọ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá àwọn èèyàn lóhùn níbí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí mi ò lè sọ ọ́ nínú ilé mi. Irọ́ kọ́ ni mo pa o... òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ mo sọ ọ́ dùn jù, ọmọ ọmọ mi sì fẹ́ fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Eneka ni mo ń gbé, ní Port Harcourt níbí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Tíṣà ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kí n tó di tíṣà, mo wa lọ́rì nílùú yìí nígbà ogun abẹ́lé, èmi tí mo ti gboyè jáde ní yunifásítì. Gbogbo ilé ló mọ̀. Ìtàn yẹn ni mo fi tọ́ Dèjì, ọmọ ọmọ mi yìí, dàgbà... bí a ṣe ń kó símẹ́ńtì àti ìrẹsì láti wọ́ọ̀fù, èbúté ọkọ̀ ojú omi, gba ọ̀nà Owerri, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí mi lójú, bọ̀ọ̀lì gbígbóná tí mo ń dúró rà ní Isiokpo, kò sí ọ̀gá tó ń ṣọ́ mi lẹ́yìn, bí mo bá sì ti já ẹrù tán, owó mi á bọ́ sí mi lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí àwọn akọ̀wé ń retí ìparí oṣù. Dèjì á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Grandpa, una enjoy o." Inú mi á sì dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn?

Ohun tí mi ò sọ fún un rí ni pé ìtàn yẹn kì í ṣe tèmi. Ẹnu Ládipọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Yunifásítì la ti jọ wà, òun ló sì kọ́kọ́ wá sí Port Harcourt, nígbà tí a gbọ́ pé àwọn ọ́fíìsì ń wá èèyàn torí ogun ti lé àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dé, orí lọ́rì ni mo bá a. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ títí dòní, atẹ́gùn, bọ̀ọ̀lì, gbogbo rẹ̀. Mo mọ ọkọ̀ wà, bàbá mi ní lọ́rì kòkó nílé. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ni ọkọ̀ náà. Ọ̀gá ní níwọ̀n ìgbà tí mi ò ti ní onídùúró nílùú, kí n fi sátífíkéètì yunifásítì mi sílẹ̀. Mo yọ ọ́ fún un. Ó ṣí àpótí irin kan, ó fi tèmi síbẹ̀, ó mú ti Ládipọ̀ jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi. O ò lè gba ìwé rẹ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn àfi tí o bá mú ẹlòmíràn wá tó fi tiẹ̀ dípò. Ládipọ̀ ò wo ojú mi. Kò pẹ́ tó fi wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó di akọ̀wé nítòsí wọ́ọ̀fù, bí mo bá sì ń kọjá, mo máa ń fun fèrè fún un...

Ṣé owó mi pọ̀ ju tiẹ̀ lọ? Ó pọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ owó ọ̀nà ni, kì í ṣe owó oṣù. Bí kò bá sí ẹrù ní wọ́ọ̀fù, kò sí owó. Bí ibà bá dá mi dúbúlẹ̀, kò sí owó. Ó sì pọ̀ torí pé ojú ogun ni ọ̀nà yẹn já sí, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á, ẹ̀rù tó ń bà mí ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ládipọ̀ ń gba owó kékeré, ó ń gba ìsinmi, ó ń sùn. Mo bẹ ọ̀gá títí. Ó ní, "Graduate, bring your brother come, make you carry your paper go." Mo wá èèyàn lóòótọ́. Gbogbo ọmọ ilé wa tó kàwé tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, mo sọ ìtàn bọ̀ọ̀lì fún wọn. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á rí i pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kì í sùn. Àfìgbà tí ogun parí, tí awakọ̀ pọ̀, tí owó náà já wálẹ̀, ni ọ̀gá ta lọ́rì tó sì dá ìwé mi padà. Àwọn ọ́fíìsì ti kún nígbà yẹn.

Báwo ni ìtàn náà ṣe wá ń dùn báyìí? Ẹ̀rù yẹn ti lọ, mo sì ń ṣàárò ọ̀nà yẹn, ẹ má bi mí ìdí... mo ṣì lágbára nígbà yẹn, ìyẹn náà ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa gba ìtàn náà gbọ́ láyé mi, ọmọ ọmọ mi ni.

Dèjì ní àwọn tó ń wa tírélà epo ń gbowó ju òun lọ, òun tóun ń wọ táì, òun náà fẹ́ lọ máa wa tírélà. Ó lè jẹ́ òótọ́. Kontíráàtì ni báǹkì fi gbà á, bí kò bá sì rí oníbàárà tuntun mú wá lóṣooṣù, wọ́n lè lé e nígbàkigbà. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ìhámọ́? Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní yàrá, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kó bá mi, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ dá a lẹ́kun." Bí mo bá wá yí ohùn padà báyìí, Dèjì á ní màmá òun ló rán mi. Bí mo bá sì dákẹ́, ṣé èmi náà ò di Ládipọ̀ báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà ní báǹkì, ẹ dákun, èwo ló ń san èèyàn lówó tó tọ́ nínú méjèèjì? Kí ni kí n sọ fún un tó máa gbà gbọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ní òun máa kọ́kọ́ wá kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún òun... àdúrà wo ni kí n gbà?