Ráàkì Kíá, Ráàkì Pẹ̀lẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Sítiárìn Kóńkó ti dìdàkudà. Màámi yí i sọ́tùn-ún, ọkọ̀ kọ́kọ́ rò ó ná bóyá kóun lọ. Kóńkó ni mọ́tò kékeré tí wọ́n rà kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n máa ń ní ó gbọ́ràn jù mí lọ. Mẹkáníìkì wo abẹ́ rẹ̀, ó ní ráàkì ló jẹ tán – irin eléyín gígùn tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì béèyàn bá yí sítiárìn. Ó ní oríṣi méjì la lè fi rọ́pò rẹ̀. Mo ní ṣé èyí àkọ́kọ́ ló dáa? Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Èkejì ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Orúkọ mẹkáníìkì náà nìyẹn nínú ìwé yìí títí ayé: Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó yé mi. Ráàkì pẹ̀lẹ́ ni irú èyí tó bá ọkọ̀ wá: ọwọ́ á yí sítiárìn títí kí táyà tó yà tán, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Ráàkì kíá: yí i díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ ti yà. Àmọ́ ó wúwo. Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìdíje ló ń lò ó.

Màámi kì í sáré ìdíje. Aránṣọ ni wọ́n, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, èjìká ọ̀tún sì ti ń dùn wọ́n láti ọdún tó kọjá. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní òdìkejì ìlú. Ọjọ́ tí wọn ò bá lè wa Kóńkó mọ́, ṣọ́ọ̀bù tì nìyẹn. Wọ́n á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á máa retí àwa ọmọ. Mo mọ irú ọmọ tí a jẹ́. Wọ́n á retí títí.

Pẹ̀lẹ́ ni. Kí ló kù tá a fẹ́ máa rò?

Ọjọ́bọ̀, 6

Àsápajúdé ti gbọ́. Àbúrò mi ọkùnrin nìyẹn – akọ̀wé báǹkì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, awakọ̀ ìdíje ní Sátidé. Ó ní ráàkì kíá ni dandan. Ó ní, "Àǹtí mi, ọkọ̀ náà á máa gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń wà á." Ọkàn ta ni? Tirẹ̀, tó ń retí àtijogún Kóńkó. Ó wọ ìbọ̀wọ́ awọ wá sílé mi. Nínú oòrùn. Mo yínmú títí imú fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà sípò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ìran àpéwò. Ẹgbẹ́ Alágolo – àwọn àgbàlagbà tó ń fi ọjọ́ ìsinmi nu mọ́tò àtijọ́ tí wọn kì í gbé jáde – péjọ sí ọgbà Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni. Àsápajúdé ti ra ráàkì kíá, ó gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun. Wọ́n dè é mọ́ Kóńkó. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí sítiárìn, wọ́n ń mirí. Ó mà fúyẹ́ o. Oníṣègùn eyín kan nínú wọn ní omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú òun.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Jáàkì ló gbé ọkọ̀ dúró. Táyà iwájú méjèèjì ń mì lófuurufú, wọn ò kan ilẹ̀ rárá. Gbogbo orí tó pé jọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Táyà tí ò kanlẹ̀, báwo ni ò ṣe ní fúyẹ́?

Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Àsápajúdé jókòó, ó yí i, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Èmi náà jókòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Èjìká tèmi tó le koko dún. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mo ní kí Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni tú u, kó fi ti pẹ̀lẹ́ sí i. Ó ní ohun tóun náà ń rò nìyẹn.

Màámi wà lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń ṣẹ́ etí aṣọ. Wọ́n ní ṣé àwọn lè jókòó sí i wò. Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Àsápajúdé ò kí mi. Àlàáfíà.

Ọjọ́rú, 12

Ráàkì pẹ̀lẹ́ ti wọlé. Ìka méjì ni mo fi yí sítiárìn, lójú kan, lórí ilẹ̀. Mo ya fọ́tò ìka náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ ní ó gbé ráàkì tirẹ̀ sórí tábìlì pálọ̀, ó ń fi òróró nù ún. Kí Ọlọ́run bá wọn gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Màámi ò lọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ó rẹ àwọn.

Ọjọ́ Ajé, 17

Wọn ò tún lọ. Oníbàárà kan pè mí, ó ń béèrè aṣọ ọmọ rẹ̀. Èmi wá di akọ̀wé aránṣọ. A tún ọkọ̀ ṣe tán, a ò wá rí ẹni wà á. Mo pòṣé.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí n fojú ara mi rí ohun tó ń rẹ̀ wọ́n. Ojú ọ̀nà títọ́, kò séwu. A dé kọ́nà ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ń yí i sọ́tùn-ún – ọwọ́ kan gba orí èkejì, ọwọ́ kan gba orí èkejì – ni apá bá há ní ìwọ̀n àyà. Kò gòkè mọ́. Ọkọ̀ ń wọ́ lọ sí ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, tírélà fọn fèrè. Wọ́n tẹ bíréèkì. Mo pa ọkọ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo sọ ọ́ sínú báàgì mi.

Màámi ò bínú. Wọ́n ní wíwúwo ò fìgbà kan jẹ́ ìṣòro àwọn; ta ló ń gbé ìdì aṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù? Apá ni ò gòkè. Ti pẹ̀lẹ́ fẹ́ kí ọwọ́ máa gun orí ọwọ́ ní gbogbo kọ́nà. Ti kíá, díẹ̀ báyìí nítòsí itan, ó ti parí. Mo ní ṣùgbọ́n ó le bí òkúta, èmi fúnra mi yí i. Wọ́n ní, "Nígbà tó o yí i, ṣé ọkọ̀ ń rìn?" Mo ní rárá. "Ta wá ló ń yí sítiárìn lójú kan? Ṣebí wàá kọ́kọ́ jẹ́ kí táyà máa yí." Wọ́n tún ní, "Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìwọ, ojú olórí lo ti fá a."

Èmi ni mo wa ọkọ̀ délé. Nítorí náà, Àsápajúdé tọ̀nà. Ó ṣèèṣì ni. Ọmọ burúkú lọ́jọ́ tirẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tèmi? Mo ní a ó wá ráàkì kíá míì níbòmíì. Wọ́n ní rárá, ti ọwọ́ àbúrò mi làwọn fẹ́, èmi ni n ó sì fẹsẹ̀ ara mi lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo lọ. Mo ti to èébú sẹ́nu sílẹ̀, bó bá fi lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ ìnura wé ráàkì náà, ó gbé e sí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ mi. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé kíá ló máa bá apá wọn mu, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́. Ó ní òun bi wọ́n ni. Láti oṣù Kìíní ni wọ́n ti fi apá náà han òun. Mo ní kí ló dé tí ò sọ, tó wá ń ṣe bí awakọ̀ ìdíje káàkiri? Ó wolẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá fi lè gbọ́ pé apá ò gòkè, ẹ máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn."

Mo ní irọ́ ni, ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn? Báàgì mi wà léjìká mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ Kóńkó wà nínú ẹ̀ láti àná. Mi ò tíì dá a padà.