Ìwé Ìgbanisíṣẹ́ Láti Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Rẹ

Ọmọbìnrin mi àtàtà, Ọ̀gá Kékeré,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó yẹn kò tíì gé ọ létí jẹ? Àwa náà wà, a dúpẹ́, orúnkún mi nìkan ló ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n, ayùn kò ní ṣèèṣì gé ọ, ibi tí o bá kan ìṣó sí, ibẹ̀ ni yóò mú. Àmín. Ìyá rẹ ti ṣe àmín tiẹ̀ láti ilé ìdáná, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló kọ́kọ́ ṣe é.

A gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Tíṣà tó ń gbé ilé kejì ló bá wa tẹ̀ ẹ́. Mo ń dá ọ lóhùn, ìwọ ò dúró gbọ́, ò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ ṣáá. Inú bí mi díẹ̀, mo ní ṣé ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ni kò bọ̀wọ̀ fún àgbà mọ́ yìí. Tíṣà ló ní kí n má bínú, pé bẹ́ẹ̀ ni fóònù ṣe máa ń ṣe.

O ní o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Háà! Àyà mi já. O ní káàdì ìgbélùú tí wọ́n fún ọ, ti àwọn tó mọṣẹ́ dunjú, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n so ó mọ́, pé o gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ọ́fíìsì ìjọba, àti pé bí o kò bá rí ọ̀gá mìíràn tó máa kọ̀wé gbà ọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, wàá kó ẹrù rẹ ni. Èyí ò yé mi o. Bó bá jẹ́ pé nítorí o mọṣẹ́ ni wọ́n ṣe fún ọ ní káàdì, ṣé iṣẹ́ ti wá kúrò lọ́wọ́ rẹ ni? Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn rẹ wá kéré, o ní ojú ń tì ọ́ láti padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀wé bẹ ọ̀gá rẹ, bí ìyá mi ṣe kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá tèmi nígbà tí mo sá níbi iṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ dé ibi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Tíṣà tó tún ohùn rẹ tẹ̀, tí mo wá gbọ́ ìdí rẹ̀ dáadáa: wọ́n ní kí o buwọ́ lùwé pé ibùsùn ọmọ ìkókó tó ń mì dára, o sì kọ̀. Mo fa lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà ya. Ta ló kọ́ ọ pé kí á jókòó sórí àga kí oníbàárà tó jókòó sí i? Èmi ni. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ̀bi, èmi ni kí wọ́n wá mú.

Mo rántí ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje. Bí o bá ti ilé ìwé dé, o ò ní kí ìyá rẹ, ṣọ́ọ̀bù lo máa ń gbà lọ tààrà. Wàá gun àpótí kọ̀ọ̀kan, wàá mi ìdí sọ́tùn-ún, wàá mi ìdí sósì, wàá ní Bàbá mi, ó ń mì. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà ti dúró towótowó, o tún sọ ọ́! Ó ku díẹ̀ kí n gbé ọ mì. Àmọ́ mo yọ ẹsẹ̀ àpótí náà, mo tún un ṣe, ọjọ́ yẹn ni oníbàárà náà sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré. Bó bá sì rẹ̀ ọ́, inú igi tí ìfági fá sílẹ̀ lo máa ń sùn sí, ìyá rẹ á wá máa ṣa á kúrò nínú irun rẹ, á máa bú èmi. Ṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́ jù báyìí. Mo kan àpótí kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ tán, mo dúró, àfi bí ẹni ń retí kí o sọ̀rọ̀. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi.

Mo wá jókòó, mo ro ó. Ọ̀gá ni ọ́fíìsì ń wá. Ṣé èmi kì í ṣe ọ̀gá ni? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, ó wà lára pátákó. Mo ti kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ fún ọ, òun ni mo ká mọ́ lẹ́tà yìí, mú un lọ fún wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo gbà ọ́, pé iṣẹ́ igi kan náà ni, pé kò sẹ́ni tó máa ní kí o buwọ́ lu ohun tó ń mì. Tíṣà ní ó jọ pé ọ̀gá tó wà ní ìlú tiwọn ni wọ́n ń fẹ́. Mo ní ṣé wọ́n ti rí mi rí tí wọ́n fi mọ̀ pé mi ò dára? Mo lu òǹtẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó lè dá wọn lójú. Àti fọ́ọ̀mù tí o ní wọ́n fi ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ìdí tí o fi kúrò níbi iṣẹ́, ahun ni wọ́n. Yí i padà, kí o ya ibùsùn náà sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n rí ẹsẹ̀ tó ń mì.

Ní ti owó, ìyá rẹ ní kí n má tọrọ nǹkan kan títí wàá fi ríṣẹ́. N kò tọrọ. Ti tàdáwà òǹtẹ̀ nìkan ni, bó bá ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́. Kẹrosíìnì ni mo fi rin èyí tó ti gbẹ, ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi ń rùn.

Wá iṣẹ́ níbẹ̀ o, má jókòó. Ọlọ́run yóò mú ọ pàdé ọ̀gá tó mọ igi. Àmọ́ bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí, ilé làbọ̀sinmi oko. Ìwọ tí wàá gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì dé, òfo wo ló wà níbẹ̀? Bí wọn ò bá gba ìwé mi, má bá wọn jà, gbà á padà, fi sínú àpò rẹ. Mo wo fọ́tò káàdì tí o fi ránṣẹ́, wọ́n kọ ọjọ́ tó máa parí sára rẹ̀. Mo wá ibi tí màá kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tèmi, mi ò rí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, ọ̀gá rẹ tuntun.