Ṣílè Méjì Ni, Ọlárìndé

Ọlárìndé,

Kí o tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ka ìwé yìí tán. Ìṣirò tí o torí rẹ̀ gbá Ọmọ́ṣọlá létí láàárọ̀ yìí, ọmọ rẹ gbà á.

Ẹnì kan ní náírà kan, ó ná ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kọ́bọ̀ mẹ́wàá mélòó ló kù? Ogún kọ́bọ̀ ló kù, ẹyọ méjì. Ọmọ kọ "ṣílè méjì", o sì ń pariwo: "Olódo! Ta ló ń ná ṣílè?" Kọ́bọ̀ mẹ́wàá kan náà ni ṣílè kan. Ìwọ náà ti fi ra àkàrà rí.

Ẹnu ìyá rẹ ni ọmọ ti gbọ́ ọ, nígbà tí ìwọ wà lójú òkun. Aṣọ dúdú tí a wọ̀ sin ín kò tíì kúrò lórí okùn, o ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ olódo.

Mo ti fi ọkọ̀ gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó ní òun kò bá ọ lọ. Yí ẹja orí ààrò, kí ó má jóná.

Bí a bá dé, bẹ̀ ẹ́. Ó ti búra pé òun kò ní pe owó náà ní ṣílè mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo ṣì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ.

Bàbá rẹ.