Àwòrán Tó Bá Bẹ́ẹ̀dì Lọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Mo jí, ó rẹ̀ mí. Mo jókòó, ó rẹ̀ mí. Àlejò ló fà á — bí mo ṣe ń pe oyún yìí nìyẹn. Oníbẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi, ò tíì mọ̀. Nígbà tí oyún ti tẹ́lẹ̀ bàjẹ́, ó sunkún títí àánú ẹ̀ fi ṣe mí ju ara mi lọ. Ó di ìgbà tí èyí bá dúró dáadáa kí n tó sọ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo fi àwòrán àyẹ̀wò Àlejò pamọ́ síbi tèmi lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́. Mo wá fi atọ́ka sí i nínú fódà iṣẹ́. Atọ́ka ò gbé nǹkan kan dání, ó kàn ń júwe ibi tí nǹkan wà. Bó bá ti rẹ̀ mí, màá tẹ̀ ẹ́, màá wò ó díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Wàhálà. Ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mi ti ń ta bẹ́ẹ̀dì ló gbé iṣẹ́ fún iléeṣẹ́ wa: ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi àwòrán ọjà hàn lójú ẹ̀rọ ńlá ẹnu ọ̀nà wọn. Mo di ètò àti gbogbo ohun tó nílò sínú àpótí kan, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo, kí kọ̀ǹpútà wọn kàn ṣí i. Wọ́n ṣí i — òfìfo! Kíákíá, ọ̀gá mi tí kì í sinmi, ní ṣé mo ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Mo ní rárá, sà. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo ti rí i. Atọ́ka làwọn àwòrán bẹ́ẹ̀dì náà nínú fódà iṣẹ́ yẹn. Àpótí kó atọ́ka lọ, ó fi àwòrán gan-an sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó júwe ilé fún ọ ò gbé ilé fún ọ. Ó yẹ kí n ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló lágbára ẹ̀? Mo ní kí àpótí tẹ̀ lé gbogbo atọ́ka inú fódà, kó kó ohun tó bá bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ yọ, mi ò wò ó tán, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Kíákíá rẹ́rìn-ín. Mo lọ bì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Oorun.

Ọjọ́ Ajé, 10
Gbogbo. Mo ní GBOGBO. Yéè, mo gbé!

Ọkọ mi tètè dé. Kò kí mi. Ó ní bẹ́ẹ̀dì ń kọjá lójú ẹ̀rọ, ó dé orí ohun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, orúkọ ìyàwó òun sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ó ní òun sáré yọ wáyà káwọn oníbàárà tó rí i. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ò lérò mọ́, òun tún tàn án, òun wò ó.

Mo ní tìẹ ni mo rò tí mi ò fi sọ. Ó ní ṣé ìwọ nìkan lo wá fẹ́ máa dá a rù? Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ó béèrè orúkọ tí mo ń pè é. Mo ní Àlejò.

Ó ní rárá o, onílé ni.